Kí Wọ́n Tó Gbẹ́ Ihò, Ẹ Bèèrè Bí Wọn Yóò Ti Dí I

Ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá lónìí kì í ṣe ti iye owó kajú tàbí ti epo pupa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kajú ń hù lórí rẹ̀ ni, àti ti omi tí ìdílé yín ń mu.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà wa èédú inú ilẹ̀. Ní Enugu, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní ọdún 1915, abẹ́ òkè ni àwọn awakùsà máa ń wọ̀ lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní Okaba lẹ́bàá Ankpa, ní ilẹ̀ àwọn Igala ní Ìpínlẹ̀ Kogi, àti ní Maiganga ní Ìpínlẹ̀ Gombe, èédú kò jìn sí òkè ilẹ̀. Nítorí náà ni katapílà fi ń hó gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ kúrò, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe oko, kí ọwọ́ tó lè tó èédú.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ di mú. Títún ilẹ̀ àti omi ṣe kì í ṣe oore tí awakùsà ń ṣe fún àgbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ara iṣẹ́ náà gan-an ni. Kí katapílà tó tẹ oko ni kí a ti pinnu rẹ̀, kí owó rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ pé erùpẹ̀ ọlọ́ràá kò nípọn; òkè ilẹ̀ ni ó wà. Bí a bá dà á pọ̀ mọ́ òkúta abẹ́ ilẹ̀, ta ni yóò tún ṣà á? Ṣùgbọ́n bí a bá hó o sọ́tọ̀, tí a sì fi ewéko bò ó kí àgbàrá má baà gbá a lọ, a lè tẹ́ ẹ padà sórí ihò tí a ti dí.

Ti omi tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára òkúta tí ó yí èédú ká, òmíràn wà tí ó ní irin àti imí-ọjọ́ nínú. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí atẹ́gùn àti òjò bá kàn án, ó ń sọ omi di kíkan. Odò a pọ́n bí irin tí ó dípẹtà, ẹja a kú, ohun ọ̀gbìn etídò a sì rọ. Òkúta ẹfun lílọ̀ lè pa kíkan omi náà, ṣùgbọ́n ó sàn kí a dá irú òkúta bẹ́ẹ̀ mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a bò ó mọ́lẹ̀ kí omi má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wa èédú láìdí ihò. Ní 1977 ni wọ́n ṣe òfin pé awakùsà gbọ́dọ̀ fi owó ìdógò sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ mójú tó ewéko tí ó gbìn fún ọdún 5, tàbí ọdún 10 níbi tí òjò kò ti pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ oko tí ó dára jù lọ, irè rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ti ilẹ̀ irú rẹ̀ tí a kò gbẹ́, ó kéré tán fún ọdún ìkórè 3, kí ìdógò tó padà sọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ẹ kíyè sí i: irè oko ni ẹlẹ́rìí, kì í ṣe koríko tútù.

Ẹlòmíràn lè wí pé ihò náà ní èrè tirẹ̀. Ní Jos, ṣebí omi inú ihò tí àwọn awatáńganran fi sílẹ̀ ni àgbẹ̀ ń fà sí oko tòmátò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn ti kú sínú àwọn ihò wọ̀nyẹn, omi ihò èédú sì lè kan ju èyí tí tòmátò lè gbà. Bí ìlú bá fẹ́ kí ihò kan di adágún omi, kí wọ́n sọ etí rẹ̀ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n sì dán omi rẹ̀ wò. Ohun tí a pinnu ni adágún. Ohun tí a pa tì ni kòtò ikú.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dènà iṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ni òfin fi ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ Nàìjíríà lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà ti 2007 kan náà ni ó pàṣẹ owó gbà-má-bínú fún irè oko àti igi eléso, tí ó pàṣẹ àdéhùn pẹ̀lú ìlú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún àtúnṣe ilẹ̀. Owó gbà-má-bínú a tán lọ́wọ́ baba. Ilẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò jogún.

Nítorí náà, bí àwọn awakùsà bá dé àdúgbò yín, ẹ má tètè tẹ ìka sí ìwé. Ẹ ní kí wọ́n kà á ní èdè yín. Ẹ bèèrè ibi tí wọn yóò kó erùpẹ̀ ọlọ́ràá sí. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, àti ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán omi kànga àti odò yín wò nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ̀dà èsì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ baálẹ̀. Bí omi bá bàjẹ́ lọ́la tí kò sí àkọsílẹ̀ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, kí ni ẹ ó fi jẹ́rìí?

Àwọn àgbà wí pé òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tí igi kajú ṣì dúró.