Owó ìwòran bọ́ọ̀lù: kí ìjọba ìbílẹ̀ dá àwọn oní-viewing centre lẹ́kun

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ àwọn oní-viewing centre ìlú wa, Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo bá wá. Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ti kọjá agbára ẹni tó ń fi òógùn ojú jẹun, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn wí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin ọdún 2025, ni Arsenal gba Real Madrid lálejò. Bíríkìlà ni mí. Àkọ́bí mi ló bá mi po sìmẹ́ńtì látàárọ̀, mo sì ti ṣèlérí fún un pé a jọ máa wo bọ́ọ̀lù ọ̀hún. Nígbà tá a dé viewing centre, ₦500 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n gba ₦500 lórí ọmọ, bẹ́ẹ̀ igba náírà la ń san tẹ́lẹ̀. Mo san án. A há ara wa mọ́ orí bẹ́ǹṣì, ooru ń mú, a ò ráhùn. Òdo sí òdo ni wọ́n lọ sinmi. Bí iná ṣe lọ nìyẹn. Ọ̀gá viewing centre náà bọ́ sáàárín èrò, ó gbé àpò kọ́rùn, ó ní kí oníkálukú tún mú ₦200 wá fún epo jẹnẹrétọ̀, kí ẹni tí kò bá ní dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní ṣebí ó mọ ilé mi ní Òkè-Agbò níbí, n ó mú un wá láàárọ̀. Ó di apá ọmọ mi mú, ó fà á jáde lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà la dúró sí tá a fi gbọ́ ariwo fìríkìì àkọ́kọ́ tí Declan Rice gbá wọlé, a ò tíì kúrò níbẹ̀ tí ariwo kejì fi sọ. Góòlù mẹ́ta ni Arsenal jẹ, ọmọ mi ò fojú kan ọ̀kankan. "Bàámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò tún sọ nǹkan mìíràn títí a fi délé.

Àwọn oní-viewing centre á ní DStv ló fà á. Lóòótọ́ ni DStv gbé owó oṣooṣù ètò Compact wọn kúrò ní ₦15,700 sí ₦19,000 lóṣù kẹta ọdún 2025. Àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, wọn ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ₦3,300 ni àfikún yẹn lóṣù kan. Èèyàn mọ́kànlá tó san ọ̀ọ́dúnrún náírà tí wọ́n fi lé owó wa ti san án tán lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó kù ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà ńbẹ̀. Inú òkùnkùn là ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, síbẹ̀ àwa tí a ò ní mítà ń gba ìwé owó iná tí wọ́n kàn fojú bù. Ta ni ì bá máa bèèrè owó epo bí iná bá wà?

Àwọn kan á ní ká kúkú lọ wo Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́, àwọn tó léwájú nínú líìgì wa lọ́dún 2025. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ lọ́dún 2023, ta ló lè san owó ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, kó tún wọ òmíràn dé Ìkẹ́nnẹ́, àlọ àtàbọ̀, tòun tọmọ?

Kí alága ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú fi òfin de owó ẹnu ọ̀nà yìí: igba náírà, kò gbọdọ̀ lé kọ́bọ̀. Ẹni tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kí wọ́n gba díkódà rẹ̀. Kí wọ́n sì gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òkè-Sọ̀pẹ́n, Ojòwò àti Àtìkòrí, àti ní Àgọ́-Ìwòyè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì OOU. Kí wọ́n tètè ṣe é.

Èmi ni,
Bíríkìlà kan ní Òkè-Agbò, Ìjẹ̀bú-Igbó