Èmi ni mo wà nínú àwòrán yẹn: ọ̀rọ̀ lórí ọmọ àbúrò mi àti ṣóò olórin

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Àwòrán kan ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n rí Pásítọ̀ yín tó dé fìlà, tó jókòó sórí àga oníke níbi tí wọ́n ti ń kọrin ayé ní Victoria Island, l'Ékòó, láàárín àwọn ọmọ tí mo tó bí lọ́mọ. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìgbà ìkẹyìn ti dé. Ẹlòmíràn tó fẹ́ràn mi ní bóyá ẹni tó jọ mí ni. Ẹ ṣé o, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó jọ mí. Èmi gan-an ni.

Mo lọ. Mo fi owó ara mi ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, mo mú ọmọ àbúrò mi obìnrin dání, ọmọ ọdún 15, a jọ lọ wo ọmọbìnrin olórin kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo orúkọ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ olórin náà, torí kì í ṣe òun ni mo fẹ́ bá wí. Àwa òbí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, orí ara mi ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe jẹ́ rèé. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi, Èkó ló ń gbé, alẹ́ ló sì sábà máa ń ṣiṣẹ́. Nínú oṣù Kọkànlá, ọmọ rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Dádì Ìbàdàn, ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú." Ó wá sọ fún mi pé àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ lọ wo ṣóò náà, pé wọ́n ti jọ ṣètò ohun tí wọ́n máa sọ nílé: wọ́n á ní àwọn fẹ́ sùn sílé ọ̀rẹ́ àwọn kan láti kàwé. Ó ní, "Èmi náà fẹ́ lọ sà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ parọ́ fún mọ́mì mi. Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn."

Mo ní màá gbàdúrà sí i. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé bí pásítọ̀ bá ní òun á gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ kan, ó lè jẹ́ "rárá" ló wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò tíì fẹ́ sọ jáde.

Àmọ́ mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun kan tí mo ti bò mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún ló jí dìde. Èmi náà ti jẹ́ ọmọ ọdún 15 rí. Àgbà ìjọ ni bàbá mi, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Àwọn onijùjú kan wá ṣeré níbi òkú àgbà ní ìlú wa. Mo parọ́, mo fo ògiri, mo lọ. Orin yẹn dùn o, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ṣùgbọ́n lóru, bí mo ṣe ń dá nìkan bọ̀, àwọn ọkùnrin méjì tó ti yó ká mi mọ́ ọ̀nà. Wọ́n gba bàtà mi, wọ́n gba owó tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lù mí dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní mo ṣubú nínú balùwẹ̀ ni. Bàbá mi lọ bá Olúwa láìmọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Òní yìí ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ níta.

Ẹ wò ó dáadáa. Lílù tí wọ́n lù mí kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò lè ké sí ẹnikẹ́ni. Irọ́ tí ọmọ bá pa kó tó jáde nílé, òun ló máa ń dí i lẹ́nu nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i níta.

Ọmọ àbúrò mi kò parọ́. Ó ké sí mi kó tó jáde. Ṣé èmi ni màá wá kọ́ ọ pé ẹni tó bá sọ òtítọ́ ni kì í rí ohun tó fẹ́, pé òpùrọ́ ló ń gbádùn? Mo pe ìyá rẹ̀, a jọ sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Bọ̀dá mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa mú un lọ, ọkàn mi balẹ̀."

Ká tó lọ, mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ àwọn orin náà. A jókòó tì í nínú pálọ̀ wọn, orin kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn kan dára, ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àṣekára àti ọpẹ́ ló wà níbẹ̀. Méjì wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ inú wọn kò mọ́. Mi ò pariwo. Mo bi í pé, "Kí lo gbọ́ níbí yìí?" Ó dákẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, mo máa ń kọ ọ́ ni, mi ò ro ohun tó ń sọ rí." Ìjíròrò tó tẹ̀ lé e ju ìwàásù mẹ́wàá lọ. A sọ̀rọ̀ nípa ara, nípa ọkùnrin, nípa ohun tí ojú ń rí lórí fóònù. Ọdún mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ti ń wá bó ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀.

Ní ọjọ́ náà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Èkó nínú oṣù Kejìlá, ẹ ti mọ ìyókù. Ó ti kọjá aago mọ́kànlá kí olórin tó jáde. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ń lù mí láyà. Mo rí aṣọ tí kò bo ara. Mo rí èéfín, mo rí àwọn ọmọ kéékèèké tó ń mu ohun tí ẹnu mi kò lè sọ. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Nígbà tí ó kan ọ̀kan nínú orin méjì tí mo wí yẹn, ọmọ àbúrò mi wò mí, èmi náà wò ó. Kò kọ ọ́. Mi ò ní kó má kọ ọ́ o.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, ọmọbìnrin kan dákú nítòsí wa. Kò lè ju ọmọ ọdún 14 lọ. A gbé e lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, wọ́n fún un lómi, ó lajú. Àwọn tí wọ́n jọ wá ti fọ́nká, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà àwọn òbí rẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pe dádì mi. Díkónì ni wọ́n. Wọ́n rò pé mo wà ní ìṣọ́ òru."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn bí ọ̀bẹ. Mo rántí pé ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, orí pẹpẹ ìjọ wa ni mo dúró sí, tí mo ní ọ̀dọ́ tí mo bá gbọ́ pé ó lọ síbi eré orin ayé, màá yọ ọ́ kúrò nínú akọrin. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, kò sí ọmọ kan tó tún sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ. Mo rò pé wọ́n ti jáwọ́ ni. Sísọ fún mi ni wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀.

Mo rọ ọmọ yẹn títí ó fi fún mi ní nọ́ńbà. Mo pe bàbá rẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ẹ bá mi mú un dání sà, mò ń bọ̀." Ó lé ní wákàtí méjì tá a fi dúró níta pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà dé, kò lù ú. Ó kàn dì í mú ni, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Àwọn kan á ní àsọdùn ni mò ń ṣe, pé ṣóò lásán ni. Ẹ rántí Manchester, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2017: ènìyàn 22 ni bọ́ǹbù pa níbi tí àwọn ọmọdé ti lọ wo Ariana Grande. Ẹ rántí Houston l'Amẹ́ríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021: èrò tẹ ara wọn pa níbi eré Travis Scott, ènìyàn 10 ló kú, ọmọ ọdún 9 sì wà lára wọn. Ní Brixton, ní London, níbi tí ọmọ wa Asake ti fẹ́ kọrin ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ènìyàn 2 ló bá ìfúnpọ̀ èrò ẹnu ọ̀nà lọ. Kí la fẹ́ sọ nípa Ìbàdàn wa níbí? Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ àwọn ọmọdé. Ìyẹn kì í ṣe eré orin ayé. Èrò kò mọ orin ẹ̀mí yàtọ̀ sí orin ayé. Bí a bá kó ọmọ lọ sí The Experience tí wọ́n ti ń ṣe l'Ékòó láti ọdún 2006, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọmọ wà níbẹ̀ náà.

Ṣebí àjọ̀dún Ìrékọjá ni Jósẹ́fù àti Màríà lọ. Lúùkù orí kejì sọ fún wa pé odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi rìn, tí wọ́n rò pé ọmọ ọdún 12 náà wà láàárín àwọn ẹbí. Wọ́n rò ni, wọn ò wò. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí i. Àwọn ọmọ Élì ńkọ́? Inú ilé Ọlọ́run ni wọ́n ti bàjẹ́, bàbá wọn sì ni àlùfáà.

Díkónì wa kan tí mo bọ̀wọ̀ fún wá bá mi nílé. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ rántí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù nípa arákùnrin tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò lágbára. Bí ohun tẹ́ ẹ ṣe bá mú un kọsẹ̀ ńkọ́?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mi ò sì ní bá a jiyàn. Ó yẹ kí n ti sọ fún àwọn àgbà ìjọ kí n tó lọ, kó má jẹ́ pé orí WhatsApp ni wọ́n ti máa rí mi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀bi àìsọ ni mo gbà. Mi ò gbà pé mo jẹ̀bi lílọ.

Torí èmi náà ní ìbéèrè: ọmọ tó ń parọ́ ìṣọ́ òru ńkọ́? Òun kọ́ ni aláìlágbára jù lọ láàárín wa? Ta ló mú òun kọsẹ̀?

Mi ò ní kí gbogbo yín máa ra tíkẹ́ẹ̀tì o. Ẹ má lọ fi orúkọ mi sọ ohun tí mi ò sọ. Ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin náà pẹ̀lú ọmọ. Bí ẹ bá sọ pé rárá, ẹ sọ ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fèsì. Èmi náà ti sọ rárá fún ọmọ ọdún 11 kan láti ìgbà yẹn. Bí ẹ bá gbà, kí àgbàlagbà kan bá a lọ, kẹ́ ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yín sínú ìwé kékeré sínú àpò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fẹnu kò sí ibi tẹ́ ẹ máa ti pàdé bí èrò bá yà yín. Ẹ má dúró níwájú gan-an níbi tí èrò ti ń tì. Bí ẹ kò bá lè lọ, ẹ ṣe bíi Jóòbù: òun kò bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síbi àsè wọn, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń sè é, ó sì ń jí ní kùtùkùtù torí wọn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé, ẹ sọ fún ọmọ yín lónìí pé ibikíbi tó bá wà, irọ́ yòówù kó ti pa, bó bá pè yín lóru, ẹ máa wá gbé e. Ìbáwí lè dúró di àárọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún la fi ń bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo ti ń lò nínú ìjọ yìí. Láti òní lọ, òfin tí mo ṣe nípa akọrin yẹn, mo ti fagi lé e. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ka èyí, nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó jáde. Bí ẹ bá sì ti jáde kẹ́ ẹ tó rántí, ẹ ṣì pè mí.

Kí Olúwa pa àwọn ọmọ wa mọ́ ní ìjáde àti ní ìwọlé wọn, kó má sì jẹ́ ká di ẹni tí wọ́n ń sá fún. Ní orúkọ Jésù. Àmín.