Oníbàárà tó ń lọ kì í dágbére

Bí èèyàn bá wọ ọjà Òkìtìpupa lónìí, tó ní kí àwọn ìyá tó ń ta epo pupa àti púpurú mú fóònù wọn síta, Tecno, itel àti Infinix ló máa pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Bó bá jẹ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni, Nokia ni wọn ì bá mú jáde. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pè ní Nokia 1100, tó jáde lọ́dún 2003, ilé-iṣẹ́ náà tà á ju 250 mílíọ̀nù lọ káàkiri ayé. Ó lágbára, ó ń já bọ́ kò ń fọ́, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́. A ò bá Nokia jà, kò sì ṣẹ̀ wá. Síbẹ̀, a fi í sílẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo àwa tí à ń ṣòwò kéékèèké nílẹ̀ Ìkálẹ̀ bi ara wa pé kí ló fà á. Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bó bá ṣe igúnnugún, á wokoko mórí ẹyin ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹjọ, ọdún 2001, ni Econet àti MTN gbé GSM dé Nàìjíríà. Owó síìmù nìkan nígbà yẹn ń lọ sí 20,000 náírà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń ka owó ìpè. Bí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n máa yọ. Nígbà tí Glo dé lóṣù kẹjọ, ọdún 2003, tó ní ìṣẹ́jú-àáyá lòun máa fi ka tòun, ọ̀pọ̀ èèyàn lọ ra síìmù rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn yòókù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò ju síìmù àkọ́kọ́ nù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa nígboro lè má sí lóko, èyí tó wà lóko sì lè máa ṣe ségesège nígboro. Bó ṣe di pé oníṣòwò kan ń gbé fóònù méjì, mẹ́ta, kiri nínú báàgì kan ṣoṣo nìyẹn.

Ibẹ̀ làwọn ará Ṣáínà ti rí wa. Ọdún 2006 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Tecno sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Transsion báyìí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n rí i pé a ń gbé fóònù méjì nítorí síìmù méjì, ni wọ́n bá ṣe fóònù kan tó ń gba síìmù méjì. Wọ́n rí i pé iná kì í sí, wọ́n ṣe bátìrì tó ń pẹ́. Wọ́n tún kámẹ́rà ṣe kó lè mú ojú èèyàn dúdú dáadáa. Wọ́n dá Carlcare sílẹ̀ fún àtúnṣe, kí ẹni tí fóònù rẹ̀ bá bàjẹ́ lè mọ ibi tó máa gbé e lọ. Àṣé ọdún 2010 ni Nokia ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde fóònù onísíìmù méjì tirẹ̀! Nígbà tó fi di ọdún 2014, Microsoft ti ra iṣẹ́ fóònù náà lọ́wọ́ wọn.

Àwa ará gúúsù Oǹdó yìí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bátìrì fún wa. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi wà láìní iná ìjọba, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ la ti ń sanwó gba iná sí fóònù. Fóònù tó lè lo ọjọ́ méjì kò kí iná, owó ló fi pa mọ́ fún wa.

Ẹ tún wo ti BlackBerry. Ní nǹkan bí ọdún 2010 sí 2013, ẹni tí kò bá ní in láàárín àwọn ọ̀dọ́, wọn kò kà á kún. Ohun tó so wọ́n mọ́ ọn ni BBM, torí ẹni tó bá fi BlackBerry sílẹ̀, ó fi gbogbo ọ̀rẹ́ tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ni í rò pé ìfẹ́ ni, wọn ò mọ̀ pé ọgbà ni. Bí WhatsApp ṣe dé, tó ń ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi fóònù, ọgbà wó, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 2019, wọ́n ti BBM pa fún aráàlú.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà níbẹ̀. Oṣù kẹrin, ọdún 2013, ni àjọ NCC gbà wá láyè láti gbé nọ́ńbà wa kúrò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sí òmíràn. Àwọn tó lo àǹfààní náà kò pọ̀. Ṣé torí pé a nífẹ̀ẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ni? Rárá o. Síìmù kejì ti wà nínú fóònù wa, òun la kàn ń pè lórí rẹ̀. Bí oníbàárà ṣe ń lọ nìyẹn, kì í dágbére. Èyí tó ń bínú, tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín, ó ṣì fẹ́ràn yín. Èyí tó dákẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ra fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kan, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò gba iná sára mọ́. Nígbà tí mo gbé e padà, ọ̀gá náà ní, "Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi." Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lódì kejì ọ̀nà ló wò ó, ó ní ìdọ̀tí ló dí ojú ibi tá a ti ń kì í bọná, ó nù ún, kò gba kọ́bọ̀. Látìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni èmi, ìyàwó mi àtàwọn àbúrò mi ti ń ra fóònù. Ọ̀gá àkọ́kọ́ rò pé fóònù kan lòun tà, kò mọ̀ pé ilé kan lòun pàdánù. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àwọn kan máa sọ pé owó ni gbogbo ẹ̀, pé ibi tó bá ti rọjú loníbàárà ń lọ, pàápàá látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, tí fóònù gbówó lérí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi oṣù mẹ́fà dá èsúsú kó tó ra fóònù, ẹ̀rù àdánù ń bà á ju ẹni tó lówó lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó lè dì mú bí nǹkan bá yíwọ́ ni yóò lọ, bó tilẹ̀ fi ẹgbẹ̀rún kan náírà wọ́n ju ti ẹnì kejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta fóònù, ẹ tàn án wò lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ sọ pé tòkunbọ̀ ni. Ẹ bá a kó nọ́ńbà àti fọ́tò rẹ̀ láti inú ti àtijọ́ sínú tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, torí ìbẹ̀rù pé wọ́n á sọnù ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn pààrọ̀ fóònù. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta epo, aṣọ tàbí símẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ yín náà ni. Ẹ ka àwọn tí kò wá mọ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kẹ́ ẹ béèrè àlàáfíà wọn.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Àwọn Tecno tó gbapò Nokia, bí wọ́n bá dẹ́kun wíwò wá, a máa fi àwọn náà sílẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n máa fi sílẹ̀ ṣíwájú wọn.