Ọgbà Ewé Lẹ́yìn Ilé

Ní ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mo kó oríṣi ewé márùn-ún lọ sí kíláàsì mi: ewúro, efinrin, ọ̀dúndún, rinrin àti àbámọdá. Mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti dárúkọ wọn. Ewúro kò ṣòro, nítorí kò sí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí nínú wọn. Òórùn efinrin ti tú àṣírí rẹ̀ kí wọ́n tó sún mọ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ọ̀dúndún àti rinrin, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni rinrin ń hù ní ẹ̀bá ògiri kíláàsì náà gan-an, níbi tí omi òrùlé ń kán sí, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láràárọ̀ bí wọ́n ti ń wọlé.

Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ orúkọ wọ̀nyí rí. Bí àgbàlagbà bá ń súre, tí ó ní kí ilé tutù bí ọ̀dúndún, kí ó sì tutù bí rinrin, àwọn gan-an ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe àmín. Orúkọ wà ní etí wọn, ojú wọn ni kò mọ ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Èyí ni ó mú mi gbà pé ó yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ilé-ìwé bá wà ní ọgbà ewé tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ fẹ̀ ju ẹní kan lọ, kí ó sì jẹ́ pé ọmọ náà ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ oko ni mo fẹ́ dá àwọn ọmọ padà sí, nígbà tí àwọn òbí wọn ń sanwó ilé-ìwé kí wọ́n má baà gbé ọkọ́ mọ́. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu òbí kan rí, n kò sì bá a jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ìbátan wa tí ó wà ní òkè òkun. Ní ìlú Salvador ní ilẹ̀ Bràsíl, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá lọ lẹ́rú títí di nǹkan bí ọdún 1850, àwọn ọmọ wọn ṣì ń gbin ewé sí àgbàlá àwọn ilé òrìṣà Candomblé, “ewé” náà ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Wọ́n ní ọ̀dúndún, wọ́n ní tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún. Nígbà mìíràn kì í ṣe irú tiwa gan-an ni. Ìbátan rẹ̀ tí wọ́n bá lọ́hùn-ún ni wọ́n fi orúkọ náà fún, orúkọ náà kò sì parun. Ní ọdún 1995 ni a tẹ ìwé ńlá tí Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ lórí ewé Yorùbá jáde ní ọ̀hún. Àwọn tí òkun yà kúrò lọ́dọ̀ wa di orúkọ mú. Àwa tí ewé náà ń hù sí ẹsẹ̀ wa ń bi ara wa léèrè pé koríko wo nìyí.

Àwọn mìíràn gbà pé ọgbà dára, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé kò gba ẹ̀kọ́ kankan: ilẹ̀ wa lọ́ràá, òjò wa pọ̀, oòrùn wa kì í wọ́n, ohun tí a bá sọ síbẹ̀ yóò hù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, mo gbin oríṣi ewé méjìlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo bomi rin wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Mo tún lọ kó ìgbẹ́ adìẹ tútù, mo dà á sí ìdí wọn, mo rò pé mo ń bọ́ wọn ni. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti rọ, wọ́n ti pọ́n, wọ́n ti gbẹ. Ìyá mi wá kí wa ní àkókò náà; ó dúró ti ebè mi, ó wò ó títí, ó ní, “Ọmọ mi, ta ni ó dáná sun ibí yìí?” Koríko ọba nìkan ni ó yè, n kò sì lè sọ pé èmi ni mo gbà á là.

Ohun tí ó ń pa ewé olùbẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa kì í sábà jẹ́ àìtó oòrùn tàbí àìtó omi. Àpọ̀jù wọn ni. Oòrùn ọ̀sán a máa jó ewé tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì mú ilẹ̀. Òjò ńlá oṣù kẹfà a máa fọ ọ̀rá orí ilẹ̀ lọ, omi tí kò bá sì rí ibi gbà jáde a máa mú kí gbòǹgbò rà. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò. Ó yẹ kí a kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ fún oṣù mélòó kan, kí ó jẹrà kí a tó lò ó. Nítorí náà, ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń ràn, tí ilé tàbí igi sì ń ṣíji bò ní ọ̀sán, ni ó dára jù. Kí a kọ ebè náà ga díẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò, kí a sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ àárín ewé kí ó má baà tètè gbẹ. Ní ìhà Ìbàdàn, oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Oríṣi ewé mẹ́ta ti tó fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹ gé ẹ̀ka ewúro tí ó ti gbó díẹ̀, kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ rì í bọ ilẹ̀. Ẹ má sì ṣe dojú rẹ̀ délẹ̀, nítorí mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Koríko ọba, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ewé tíì, kò fẹ́ ju pé kí a ya díẹ̀ lára ìdí èyí tí ó ti pọ̀, kí a gé ewé rẹ̀ kù, kí a sì gbìn ín. Efinrin ni ó gba sùúrù. Èso rẹ̀ kéré púpọ̀, bí a bá sì bò ó mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ kò ní hù. Orí ilẹ̀ kíkúnná ni kí a fọ́n ọn sí, kí a fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá dàgbà tí ó fẹ́ yọ òdòdó, kí a ké orí rẹ̀, yóò sì pẹ̀ka. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ yóò di igi, ewé rẹ̀ yóò sì máa kéré sí i. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ni kì í fẹ́ já ewé wọn, bí ẹni pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ já a. Ọbẹ̀ ni a tìtorí rẹ̀ gbìn ín.

Bí àbúrò kékeré bá wà nílé, ẹ fún un ní ewé àbámọdá kan ṣoṣo kí ó gbé e lé orí ilẹ̀ tútù. Láìpẹ́, ọmọ wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ yóò máa yọ ní etí ewé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀. N kò tíì rí ọmọ tí ó rí i tí kò pariwo.

Ẹ má sì gbàgbé ọgbà. Ọ̀rọ̀ náà gan-an kì í ṣe ibi tí a ń gbin nǹkan sí nìkan. Ohun tí a fi sọ ibẹ̀ ká ni pẹ̀lú. Ọgbà tí kò ní ọgbà, ewúrẹ́ àdúgbò ni ó ni ín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè èwo nínú wọn ni ó ń wo ibà. Ìyá mi àgbà a máa se koríko ọba fún wa bí ara wa bá gbóná, n kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára. Ṣùgbọ́n ọgbà tí mo ń wí yìí, ti ọbẹ̀ àti ti ìmọ̀ ni. Ewé méjì lè jọra kí ọ̀kan jẹ́ oúnjẹ kí èkejì sì jẹ́ májèlé, ọdún kan tí a fi bomi rin ewé kò sì sọ ẹnikẹ́ni di oníṣègùn. Ọmọ tí ibà bá mú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ó ku àwọn tí ń gbé yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọn kò ní ilẹ̀ rárá. Bàsíà tí ó ti ya, garawa tí kò gba omi dúró mọ́, àwọn náà tó. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ gbin efinrin sínú agolo òróró ní ojú fèrèsé. Nígbà tí ó di ọdún kejì, àwọn ayálégbé ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń kanlẹ̀kùn tọrọ rẹ̀ ní alaalẹ́. Kí ẹ ṣáà dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí ẹ tó da ilẹ̀ sí i.