Ọmọ Tó Ń Fun Trumpet: Ọ̀nà Wo Ló Kù fún Un ní Yunifásítì Ìlú Ọba?

Ẹ̀yin òbí wa nílùú Ọba, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín ń fun trumpet ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nílé ìwé, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọ̀nà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbà dé yunifásítì ti ń fún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Oxford Brookes University kéde pé òun yóò pa ẹ̀kọ́ orin òun tì. Lọ́dún 2024, University of Kent ní òun náà á ṣíwọ́. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Cardiff University gbé àbá jáde pé kí ẹ̀ka orin tiẹ̀ náà kógbá wọlé, ariwo sì sọ.

Kí ló fà á? Owó ni. Lọ́dún 2021, wọ́n gé owó àfikún tí yunifásítì England ń gbà lórí akẹ́kọ̀ọ́ orin àti iṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan sí ìdajì, láti £243 sí £121.50. Owó náà kéré lójú, àmọ́ ohun tó ń sọ fún àwọn ọ̀gá yunifásítì kò kéré rárá.

Ẹ wò ó, ẹ̀kọ́ trumpet kò dà bí ẹ̀kọ́ òfin, tí akẹ́kọ̀ọ́ 200 lè jókòó sí gbọ̀ngàn kan kí olùkọ́ kan máa bá wọn sọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan, ọmọ kan ni. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ rí bí ètè ṣe jókòó lẹ́nu fèrè, kó gbọ́ bí èémí ṣe ń wọlé tó ń jáde. Tí ètè bá ti jókòó síbi tí kò yẹ láti kékeré, títún un ṣe lè gba oṣù púpọ̀, ọmọ á sì máa fun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ Àyàn ṣe ń jókòó ti bàbá rẹ̀ kọ́ ìlù náà nìyẹn. Ìwé tí Arban, ará Faransé, gbé jáde ní 1864 ni wọ́n ṣì ń lò títí dòní, kò sì sẹ́ni tó lè sá fún concerto tí Haydn kọ ní 1796. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń ka orin tí wọ́n kọ fún fèrè ohùn mìíràn, bíi F, D tàbí E, kí wọ́n sì yí i sí ti B-flat tó wà lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọmọ tó kọ́ trumpet ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sábà máa ń kọsẹ̀. Etí rẹ̀ mú, kò sí orin tí kò lè gbá mú, ṣùgbọ́n kíka ìwé orin ń dà á láàmú.

Àwọn kan á ní, ṣebí àwọn conservatoire ṣì wà: Royal Academy, Royal College, Guildhall, Royal Northern ní Manchester. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ bá fun lọ́jọ́ ìdánwò ni wọ́n máa ń wò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń yege ti ní olùkọ́ tiwọn láti kékeré. Yunifásítì ló máa ń fún ọmọ tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ láyè láti lé ẹgbẹ́ rẹ̀ bá, kó sì gba ìwé ẹ̀rí tó lè fi ṣe tíṣà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọmọ tiwa ni ọ̀rọ̀ yìí máa kọ́kọ́ kàn.

Ìjà láàárín ọmọ tó fẹ́ orin àti ilé tó fẹ́ dókítà ti pẹ́ láàárín wa. Ní 1958 tí Fela wá sí London, ìṣègùn ni wọ́n rò nílé, bí àwọn arákùnrin rẹ̀ Olikoye àti Beko ṣe kà á. Trinity College of Music ló wọ̀, trumpet ló sì kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni sasofóònù dé. Láyé tiwa yìí, Aaron Azunda Akugbo, ọmọ Scotland tó tún jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, jáde ní Royal Academy, ó sì fun Haydn yẹn pẹ̀lú Chineke! Orchestra ní BBC Proms ọdún 2023.

Mi ò ní tàn yín o, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Orchestra ńlá kì í sábà ní ju ẹni mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tó ń fun trumpet, ẹni tó bá sì ti rí àga yẹn lè lo ogún ọdún lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi iṣẹ́ tíṣà kún un kí wọ́n tó lè jẹun. Tí nǹkan mìíràn bá dùn mọ́ ọmọ yín nínú, kó ṣe é. Àmọ́ tí kò bá sí, ẹ má fi ìbínú dá a dúró.

Owó ilé ìwé ọmọ onílé ní England jẹ́ £9,535 ní 2025/26. Ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i: wákàtí mélòó ni ọmọ mi àti olùkọ́ rẹ̀ nìkan á fi jọ wà lọ́dún? Ta ni olùkọ́ náà, ṣé òun fúnra rẹ̀ ṣì ń fun níta? Bí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, ẹ dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi físà iṣẹ́ dé, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá owó onílé tàbí owó àlejò ni ọmọ yín máa san, torí ti àlejò máa ń lé ní ìlọ́po méjì níbi púpọ̀.

Kẹ́ ẹ sì mójú tó ọjọ́. Fọ́ọ̀mù orin ti conservatoire tó ń gba ọ̀dọ̀ UCAS kọjá máa ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ọdún kan gbáko kí ọmọ tó wọlé; ti ọ̀pọ̀ yunifásítì tó kù máa ń dúró di oṣù kìn-ín-ní. Guildhall ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdánwò fífun sì sábà máa ń wáyé kó tó di Kérésìmesì.