Táyà Oko Kì Í Ṣe Táyà Àjò

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá tí a fi ilẹ̀ Hausa ṣe ibùjókòó. Bí ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀nà ilé ni ojú gbogbo wa ń wò. Ọkọ̀ tí yóò gbé wa délé náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, pàápàá jù lọ ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn.

Ẹni tí ó bá ń ra ọjà oko ní Dakace, lẹ́bàá ìlú Zaria, kò ní ṣàìmọ bí ọ̀nà oko ti í rí láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Ẹrọ̀fọ̀ a máa gbé ọkọ̀ mì dé ikùn, ata àti tàtàsé a sì máa jẹrà sínú àpò. Nítorí èyí ni àwọn ọlọ́kọ̀ kan fi ń bọ́ táyà tí ilé iṣẹ́ fi sí Land Rover tàbí Hilux wọn, tí wọ́n sì ń fi èyí tí ó ga, tí ó sì fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. N kò bá wọn jà. Táyà gíga tí ojú rẹ̀ ní kòtò jíjìn a máa fún ọkọ̀ ní agbára nínú ẹrọ̀fọ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni èrò pé bí táyà bá ti wọlé, tí fọkanáísà sì ti gba owó rẹ̀, iṣẹ́ ti parí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò wa kan ni ó mú mi gbé kálàmù. Ó ra táyà ńlá mẹ́rin sí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ nígbà òjò, ó sì ta mẹ́rin ti àtijọ́ láti fi kún owó náà. Ó wa ọkọ̀ náà wọ ẹrọ̀fọ̀ lófìfo, ó là á kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní, gbogbo wa sì yìn ín. Nígbà tí oṣù kejìlá dé, ó kó ẹbí àti ẹrù sínú ọkọ̀ kan náà, ó di ọ̀nà ilé. Ẹrù tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí ha irin ara ọkọ̀, kò sì sí ẹni tí ó fura. Kí wọ́n tó dé Kàdúná, táyà náà bẹ́, ọkọ̀ sì ya wọ igbó. Ọlọ́run yọ wọ́n. Apá ọmọ kan ni ó ṣẹ́. Táyà ìpààrọ̀ tí wọ́n gbé jáde sì jẹ́ ti àtijọ́, kò bá àwọn yòókù dọ́gba.

Ara táyà ni ìwé rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ń kà á. Bí a bá rí 235/75R15, fífẹ̀ táyà náà ní mìlímítà ni 235. 75 ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú 100 fífẹ̀ náà. 15 sì ni ìwọ̀n ìbú irin tí ó wọ̀ sí, ní ínǹṣì. Bí a bá ṣírò rẹ̀, gbogbo gíga táyà náà yóò tó mìlímítà 734. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí tí a kọ 31x10.50R15 sí lára rọ́pò rẹ̀. Ínǹṣì 31 ni gíga tirẹ̀, èyí tí í ṣe mìlímítà 787. Ó fi 53 ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ nìkan ni ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá irin tí táyà ń yí lé. Nítorí náà, bí ínǹṣì kan péré ni ọkọ̀ fi ga sí i.

Kí ni a wá fi ra ínǹṣì kan yìí? Aago eré yóò máa purọ́: bí ó bá ń sọ pé kìlómítà 100 ni wákàtí kan, 107 ni a ń sá ní tòótọ́. Ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣe làálàá, epo yóò sì máa tán kíákíá. Bíréèkì tí a ṣe fún táyà kékeré yóò máa tiraka láti dá èyí tí ó wúwo dúró. Ọkọ̀ tí ó ga, tí a tún di ẹrù lé lórí, kò ní pẹ́ dojú dé níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà.

Ìdí nìyí tí ó fi di dandan kí a dán ọkọ̀ náà wò kí èrò kankan tó wọ̀ ọ́. Ẹ di ẹrù tí ẹ máa ń gbé sí i, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan gun orí ebè, kí ẹ sì yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. Bí táyà bá kan irin níbikíbi, kò yẹ ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ibi tí kò sí èrò, ẹ sá eré 40, kí ẹ sì tẹ bíréèkì. Bí ẹ bá ti rìn tó kìlómítà 80, èyí tí kò jìnnà sí ìrìn Zaria dé Kàdúná, ẹ tún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè. Nígbà náà ni kí ẹ tó wọ ẹrọ̀fọ̀, kí ẹnì kan máa fi ọ̀pá wọn omi níwájú, kí ọkọ̀ mìíràn sì wà nítòsí tí yóò fà yín jáde. Bí ẹ bá tú atẹ́gùn díẹ̀ kúrò kí táyà lè tẹ́ lórí ẹrọ̀fọ̀, ẹ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó dé ojú ọ̀dà, nítorí táyà tí ó rọ̀ a máa gbóná títí yóò fi bẹ́.

Ẹ má gbàgbé ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, òkè òkun ni púpọ̀ nínú táyà wa ti ń wá, tòkunbọ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT ni ọjọ́ ìbí táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Rọ́bà a máa darúgbó bí a kò tilẹ̀ lò ó.

Àwọn kan yóò bi mí pé owó dà tí a ó fi ra táyà oríṣi méjì. Èsì mi kò gùn: ẹ má ta ti àtijọ́. Bí ó bá ṣì dára, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibòji, kí ẹ sì dá a padà sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí ẹ tó di ọ̀nà ilé. Láti ọdún 1988 ni a ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró ní ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù ní Dakace. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ ń háyà ọkọ̀ fún àwọn ènìyàn yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo táyà kí ẹ tó san owó.

Ẹ jẹ́ kí táyà oko máa gbé ẹrù oko, kí táyà àjò sì máa gbé ènìyàn. Ilé tí a ń lọ kò ní sá kúrò níbi tí ó wà. Kí á bá ara wa níbẹ̀ láàyè ni àdúrà wa.