Odò Thames: Ihò ńlá ti wà lábẹ́ London, ṣùgbọ́n òjò ṣì ń rọ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 2025 ni wọ́n so èyí tó gbẹ̀yìn nínú ojú ìṣàn 21 pọ̀ mọ́ ihò ńlá tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ìlú London, kí omi ẹ̀gbin tó máa ń ya wọ odò Thames lè dínkù. Ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún, owó tó sì bá a lọ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6 pọ́n-ùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn òyìnbó nìkan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé ní Peckham, Deptford àti Thamesmead, inú owó omi tí àwọn náà ń san sì ni owó iṣẹ́ yìí ti ń jáde. Ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí owó náà rà, kí wọ́n sì mọ èyí tí kò rà.

Kí ni ìṣòro náà gan-an?

Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ilé ló ní sókáwéè tirẹ̀, gọ́tà sì ni omi òjò ń bá lọ. Ní àárín gbùngbùn London, kò rí bẹ́ẹ̀. Páìpù kan náà ló ń gbé omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi ìwẹ̀, omi ilé ìdáná, àti omi òjò láti orí òrùlé àti ojú títì. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, gbogbo rẹ̀ ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ẹ̀gbin mọ́, bíi Beckton àti Crossness. Ṣùgbọ́n tí òjò bá dé, páìpù á kún. Bí kò bá sì ríbi gbà jáde, inú ilé àwọn èèyàn ló máa padà sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́ ọ fi la ojú rẹ̀ sí odò. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe pé ẹ̀rọ kan bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà náà, ọgbọ́n ńlá ni. Àìsàn onígbáméjì ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní London. Nígbà tó di ọdún 1858, òórùn odò Thames le débi pé àwọn aṣòfin kò lè fara dà á mọ́ nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn. Kíá ni wọ́n fọwọ́ sí owó fún ẹnjiníà Joseph Bazalgette. Ibùdó tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀gbin ní Crossness, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1865, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thamesmead títí dòní.

Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn ni Bazalgette ní lọ́kàn. Lónìí, àwọn ará London ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ tó ń mu omi òjò tẹ́lẹ̀ ti di ilé, títì àti kọnkéré. Nítorí náà, òjò tí kò tó nǹkan ti tó láti mú kí páìpù kún. Kí ihò tuntun yìí tó dé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 39 tọ́ọ̀nù omi ẹ̀gbin ló ń wọ odò náà lọ́dún. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ àgbà ilẹ̀ Yúróòpù dá ìjọba Britain lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí owó rà

Ihò náà gùn tó kìlómítà 25, láti Acton títí dé Abbey Mills, ó sì fẹ̀ ju mítà méje lọ. Òun àti ihò Lee tó gbé omi dé Beckton lè gba mílíọ̀nù 1.6 tànkì omi onílítà 1,000, irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbé sókè sí ẹ̀yìnkùlé wọn nílé. Kì í fọ omi mọ́ o. Ńṣe ló ń gbà á dúró títí Beckton yóò fi ráyè fún un. Ìrètí àwọn tó kọ́ ọ ni pé yóò dín omi ẹ̀gbin tó ń wọ Thames kù ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, àwọn fúnra wọn gbà pé bí òjò bá pọ̀ jù, yóò ṣì máa ya wọ odò ní bí ìgbà mẹ́rin lọ́dún.

Ìlọsíwájú gidi nìyẹn, kò sí àní-àní. Àmọ́ ibi tó dé mọ níwọ̀n. Àwọn oníbàárà Thames Water ní Oxford, Reading àti Swindon náà ń san nínú owó ihò yìí, bẹ́ẹ̀ odò ti àdúgbò wọn kò jàǹfààní rẹ̀. Ní gbogbo England, ó lé ní wákàtí mílíọ̀nù 3.6 tí omi ẹ̀gbin fi ń ya wọ odò àti òkun ní ọdún 2024.

Bẹ́ẹ̀ ni owó kò dúró síbì kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó omi Thames Water gbéra sókè ní nǹkan bíi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Karùn-ún, àjọ Ofwat bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 122.7 pọ́n-ùn lé ilé iṣẹ́ náà, tí gbèsè tó ju bílíọ̀nù 15 pọ́n-ùn lọ wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Keje, ìjọba ní òun yóò pa Ofwat fúnra rẹ̀ rẹ́, kí àjọ mìíràn gba iṣẹ́ rẹ̀.

Òjò ńkọ́?

Ohun tí wọn kò tíì fọwọ́ mú dáadáa ni òjò. Láti ya páìpù òjò sọ́tọ̀ ní gbogbo London, àfi kí wọ́n hú gbogbo títì. Ìyẹn kò rọrùn. Ṣùgbọ́n a lè dá omi òjò dúró níbi tó rọ̀ sí: kí a gbin koríko àti òdòdó sí kòtò ẹ̀gbẹ́ títì kí ilẹ̀ lè mu ún, kí iwájú ilé má sì di kọnkéré tán. Láti ọdún 2008 ni òfin ti ní kí onílé gba àṣẹ kó tó fi ohun tí omi kò lè gbà kọjá bo iwájú ilé tó ju mítà márùn-ún níbùú lóròó lọ. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣe òfin tó gbòòrò jùyẹn lọ fún ilé tuntun. Wales bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Ní England, títí ọdún 2025 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, apá òfin náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dà bí ẹni tó ra bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá sábẹ́ òrùlé tó ń jò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wúlò, kò ní jẹ́ kí ilé kún fún omi. Àmọ́ bí ihò orí òrùlé bá ń fẹ̀ sí i, bó pẹ́ bó yá, bọ́kẹ́ẹ̀tì á kún, wọ́n á sì tún ní kí àwọn ará ilé dá owó òmíràn.